Kòkòrò Pupa Lára Lílì

Aṣọ ni àbúrò Ìyá Agbẹ̀bí ń sá sórí okùn tó fi rí wọn. Wọ́n ń dán lára ewé òdòdó lílì, wọ́n pupa bí ẹ̀jẹ̀ tútù. Ó wọlé lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yìn ẹ̀ pupa, ikùn ẹ̀ dúdú?" ni Ìyá Agbẹ̀bí bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mú ọ̀kan wá. Rọra tẹ̀ ẹ́ létí mi."

Àbúrò mú un wá, ó tẹ̀ ẹ́. Kòkòrò náà han fín-ín. Ìyá Agbẹ̀bí mi orí.

"Ọ̀tá ti dé," ló wí.

Ojú Ìyá Agbẹ̀bí ti fọ́ tipẹ́, àmọ́ kò sí àárọ̀ tí kì í sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn lílì rẹ̀. Á máa fọwọ́ bà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yẹ àwọn ọmọ wò lórí ẹní. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbìn wọ́n. Irú tí kò ní òórùn ni wọ́n wá, torí pé òórùn òdòdó máa ń dí ọkọ náà lọ́fun. Ọkọ ti kú. Gbogbo àdúgbò ni ìyàwó ti gbẹ̀bí fún, kò sì bí tirẹ̀. Àbúrò yìí nìkan ló tọ́, torí pé ọmọ náà ṣì ń rákòrò nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ló ti mọ ayé.

Nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, tí kò lè dá sọ̀kalẹ̀ mọ́, àbúrò kó ẹrù kúrò nínú yàrá kan tó háyà, ó wá ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló máa dáa jù, níbi tí nọ́ọ̀sì wà tọ̀sán tòru.

"Ta ni kí n fi lílì mi lé lọ́wọ́?" ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Ọjọ́ tí kò bá ku ẹyọ kan nílẹ̀, kó o wá bá mi sọ ọ́."

Ìyá Agbẹ̀bí wá jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń kọ́ àbúrò rẹ̀.

"Tẹ́ aṣọ funfun sídìí lílì kó o tó fọwọ́ kan kòkòrò náà. Bó bá ti fura pé èèyàn ń bọ̀, á ju ara ẹ̀ sílẹ̀, á dojú ikùn dúdú yẹn sókè, á ṣe bí òkú. O ò ní rí i mọ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Alárékérekè ni."

"Bí ọmọ aráyé," ni àbúrò wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Abẹ́ ewé ló ń yé ẹyin sí. Fi èékánná họ ọ́ dànù. Ìdin ẹ̀ ń fi ìgbẹ́ ara ẹ̀ bora. Má jẹ́ kó rí ọ lára, fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò."

Àbúrò ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi ọṣẹ, á máa yí ewé kọ̀ọ̀kan wò. Orúnkún rẹ̀ bó. Ọrùn rẹ̀ dúdú. Láti ẹnu fèrèsé, ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Báwo ni?"

"Wọ́n tún pọ̀ ju tàná lọ."

Lọ́jọ́ kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri kan pààlà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn, kígbe sí wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Lílì tèmi ti tán pátápátá. Wọ́n ti jẹ ẹ́ ku igi!"

"Ẹ ṣeun, sà," ni àbúrò wí, ó sì lọ kí i nídìí ògiri. Nígbà tó wọlé, ó fi ewé lílì kan lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Agbẹ̀bí fi ìka tọ ihò inú rẹ̀. Ewé náà ń yọ̀. Ó nu ọwọ́ sára ìró, oúnjẹ sì tutù níwájú rẹ̀.

"Gbé mi sọ̀kalẹ̀," ló wí lẹ́yìn náà. "Kí èmi fúnra mi fọwọ́ kàn wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn? Ìgbẹ́ ìdin? Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín bẹ́ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Ìyá Agbẹ̀bí sunkún. Àbúrò fi etí gèlè ara rẹ̀ nu ojú fún un.

Nígbà tó yá, Ìyá Agbẹ̀bí ní, "Hú wọn. Má jẹ́ kí n gbọ́ ìró ọkọ́."

Àbúrò pẹ́ níta. Iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó padà wọlé. "Ó ti parí," ló wí.

"Ilé àwọn arúgbó yẹn, ṣé àyè ṣì wà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo tún ń dúró dè? Ìwọ ni kó o máa gbé ilé yìí. Ta ló tún ni ín?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ilé ṣe láìsí yín?" Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Bó o ṣe tọ́jú mi," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tọ́jú ìwọ náà."

Awakọ̀ ilé àwọn arúgbó dé lọ́sàn-án. Àbúrò di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lápá, wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀. "Ẹ máa gba ọ̀tún bọ̀," ló ń wí fún un, "ihò ibi tí mo ti hú wọn ṣì wà nílẹ̀."

Awakọ̀ náà dúró lẹ́nu géètì, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nítorí àwọn lílì tó tanná láti ìdí ògiri títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, tí wọ́n ga dé ìbàdí èèyàn, tí ewé kan kò sì lu lára wọn, àmọ́ àbúrò gbé ìka lé ètè sí i, ó fi ọwọ́ kejì tẹ àwọn òdòdó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má baà kan Ìyá Agbẹ̀bí lára bó ṣe ń kọjá.