Olùkọ́ Inú Etí

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Fadérera àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ki olùkọ́, ẹ̀rọ kékeré tó ń dá kálukú lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bọ etí fún ẹ̀kọ́ ìbàlágà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Kálukú fọwọ́ bo ẹnu, ó ń béèrè tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni.

Fadérera ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ó béèrè bóyá nǹkan ń ṣe òun.

"Ara kálukú ló ní àsìkò tirẹ̀, ọmọ mi," ni olùkọ́ wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ọ́ wò."

"Ṣé èmi nìkan ni, mà?"

"Ẹ̀yin méjì lẹ béèrè rẹ̀ ní kíláàsì yìí lónìí."

"Ta ni ẹnì kejì?"

"Òfin ò gbà kí n sọ."

Fadérera gbójú sókè. Gbogbo wọn ló tẹríba. Bídèmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, jókòó tì í, omi ń dà lójú rẹ̀. Fadérera na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà.

Nígbà tí aago lù, Bídèmí ti nu ojú.

"Kí lo béèrè?" ni Fadérera bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà, kò sí."

Wọ́n jọ ń rìn lọ sílé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìdánwò ìṣirò títí wọ́n fi pínyà.