Eku Tí Kì Í Jẹun

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fọwọ́ gbá òṣùwọ̀n, ó tún oúnjẹ tó kù níwájú eku funfun rẹ̀ wọ̀n. Kò dín! Ìwé ní tí a bá fi ìwọ̀n ara wé e, ẹranko kékeré ń jẹun ju ẹranko ńlá lọ. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn oúnjẹ eku yìí àti ti àgbò onílé, lẹ́yìnkùlé wọn ní Alápẹ̀rẹ̀. Ọ̀la ló gbọ́dọ̀ fi èsì rẹ̀ jíṣẹ́ ní yunifásítì.

"Dókítà eku, ṣé kò sí wàhálà?" Ìyá onílé ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, kì í jẹun, bẹ́ẹ̀ ló ń sanra!"

Ìbínú gbé e, ó dojú àgò eku délẹ̀. Èérún àkàrà àti orí ẹja gbígbẹ tú jáde.

"Ìyá! Ẹ̀yin lẹ ń fún un lóúnjẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ìwọ ń fi òṣùwọ̀n ṣahun sí i."

"Àgbò ńkọ́?"

"Àgbò ò bèèrè. Fọwọ́ kan àyà eku yẹn wò, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ló máa tó ìyẹn?"

Nídìí ògiri, àgbò dùbúlẹ̀ ti èèpo iṣu rẹ̀, ó ń rọra jẹ àpọ̀jẹ.