Ehoro Tó Gbé Ìbọn Lọ Tọrọ Ìyàwó

Ẹ wá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ má ta ara yín nípàá! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ehoro, ojo ọkùnrin.

Èèwọ̀ ni kí ẹranko fi ohun ìjà pamọ́ sára tẹ́lẹ̀. Àfi bí Kìnnìún ọba ṣe yí òfin padà: "Ẹni tó bá wù kó ki ìbọn sábẹ́ aṣọ, kó fi dáàbò bo ara rẹ̀." Inú Ehoro dùn! Òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ki ìbọn bọ ìbàdí, wọ́n lọ tọrọ ọmọbìnrin Òòrẹ̀, ìyá tó ru ẹ̀gún sẹ́yìn.

Òòrẹ̀ ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Ehoro dúró gbagidi.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ ń jó ni?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Ìyá."

Òòrẹ̀ bá forin sí i. Ẹ bá mi gbè é!

Ehoro, dọ̀bálẹ̀ kí o gbaya,
*Ìbọn ń bẹ níbàdí!*
Wólẹ̀ kí n fọ́mọ fún ọ,
*Ìbọn ń bẹ níbàdí!*

Ojú ti Ehoro, ó dọ̀bálẹ̀. Gbàù! Ìbọn gé ìrù rẹ̀, ó ku ṣókí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú wọn ló yìn ín, olúkúlùkù na ìbọn sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gbé ìbọn sílẹ̀!"

"Èmi kọ́, ìwọ ni!"

Bí wọ́n ṣe dúró bẹ́ẹ̀, Òòrẹ̀ àtọmọ rẹ̀ jẹ iyán tí wọ́n gún fún àlejò tán. Òòrẹ̀ ní, "Ẹ̀gún tèmi wà lẹ́yìn mi, gbogbo ayé ń rí i. Ọmọ mi ò ní bá yín lọ."

Ilẹ̀ mọ́ kí àwọn àlejò tó lọ. Wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn, kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ̀yìn sí ọmọ ìyá rẹ̀.