Ẹnu Ọgbẹ́ Káfíńtà

Àìgbọ́rọ̀-síni-lẹ́nu ni àléébù káfíńtà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀. Ó mọṣẹ́ dunjú. Àga tó bá kàn kì í mì. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ tán, yóò ti dáhùn pé, "Mo ti mọ̀."

Nígbà kan tí ojúgun rẹ̀ bó, nọ́ọ̀sì fún un ní kápúsù apakòkòrò ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹta tí ara tù ú, ó da ìyókù sínú agolo ìṣó. Ó ní yóò wúlò lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́ náà dé. Ìṣó tó ti dípẹtà gún un wọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ ọmọńdinrín. Ó ṣí agolo, ó tú kápúsù, ó sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú ọgbẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, ṣebí ẹnu ni wọ́n ní kí ẹ máa fi í sí?"

"Ṣé ọgbẹ́ ò lẹ́nu ni? Ẹnu rẹ̀ náà ni mo fi í sí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Nígbà tó ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn, "Mo ti mọ̀" ló gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyẹ̀fun náà ti di èépá líle. Ọkọ na ọwọ́ sí i. "Wò ó, ó ti gbẹ."

"Ohun tó gbẹ kì í rùn báyìí," ni ìyàwó wí. Ìka ti wú, apá ń ta á dé ìgbọ̀nwọ́, òòlù sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, káfíńtà tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó fún un ní kápúsù nígbà yẹn fi omi iyọ̀ rẹ èépá náà, ó ṣí i, ọyún sì tú jáde. Ó béèrè ohun tí wọ́n fi sí i, káfíńtà jẹ́wọ́ pé ẹnu ọgbẹ́ ni òun da kápúsù sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu tiyín ni mo wí. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé, ẹ wá ń yọ̀ pé ilẹ̀kùn tì."

Wọ́n yẹ ọyún náà wò. Kòkòrò àrùn inú rẹ̀ ti borí oògùn inú agolo tí kò lò tán, oògùn náà kò lè pa á mọ́. Dókítà ní bí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó kù tó lè pa á kò bá ṣiṣẹ́, àwọn yóò gé ọwọ́ náà lọ́rùn-ọwọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàwó fi ń wo ọwọ́ tó ń bọ́ ilé wọn. Lọ́jọ́ kẹrin ibà lọ, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Ọmọńdinrín tó ti kú nìkan ni wọ́n gé. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì sùn lórí àga tó jókòó sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, nọ́ọ̀sì gbé kápúsù ọjọ́ mẹ́wàá fún un, ó sì ṣàlàyé bí yóò ṣe lò ó. Káfíńtà la ẹnu. Ìyàwó wò ó. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ bá mi tún un sọ."

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé kí á lo oògùn apakòkòrò bí wọ́n ṣe ní kí á lò ó, kí á sì lò ó tán, bí ara tilẹ̀ ti tù wá. Kí á má fi àṣẹ́kù pamọ́, kí á má sì rò pé ọgbẹ́ tó gbẹ lójú ti jinná nínú. Ìka kan ni àìgbọ́ràn gbà lọ́wọ́ káfíńtà yìí. Ìka mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ náà ṣì ń kan àga.