Mílímítà Mẹ́jọ

“Àwòrán ìwọ̀ irin jangirọ́fà tóo gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn mà dùn-ún rọ o!” Darlene ń pariwo lórí fóònù láti ọgbà ìṣeré ọmọdé. “A ti so jangirọ́fà náà kọ́.”

Ayàwòrán-ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín. “Ìwọ̀ onímílímítà méjìlá! Béárì gan-an lè gùn ún.”

“Méjìlá kẹ̀? Mẹ́jọ la bá níbẹ̀ láàárọ̀, mẹ́jọ náà la rọ.”

Ayàwòrán náà rántí. Lánàá ló dín àwòrán ìwọ̀ tó fi ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́ kù sí mẹ́jọ lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan náà ló sì ń darí ti jangirọ́fà. Ó yára dá a padà sí méjìlá. Gbogbo irin inú kọ̀ǹpútà gbọ́ràn, wọ́n nípọn.

“Darlene, ta ló wà lórí ẹ̀?”

“Ṣóò gbọ́ àtẹ́wọ́ ni? Brynn ọmọ ẹ ló kọ́kọ́ gùn ún.”

Ó gbọ́ ọ. Lójijì, àtẹ́wọ́ náà dákẹ́.