Ẹsẹ̀ Ràímì, Ẹnu Mùtíù

Kò sí bíríkìlà kan láti Ìgándò dé Ìdímù tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ Ràímì dára. Ilé méjì ló ti wó ní sáìtì tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí èyí tó bá a níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ti Ìdímù wó, tépù ìwọ̀n rẹ̀ ló sọnù. Kó tó wá a títí, kó tó lọ yá ti aládùúgbò, ilé ti di òkìtì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ti Àgbàdo wó, ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ẹnu ọ̀nà ilé Ràímì ni wọn ò rí. Gbogbo ilé há mọ́lé títí wẹ́dà fi wá gé irin. Èèyàn mẹ́rin ló kú ní Àgbàdo lọ́jọ́ náà. Ààfáà fi ọ̀rọ̀ Ràímì ṣe wáàsí ní Jímọ̀, ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá fẹ́ dá sí, kọ́kọ́rọ́ lásán ni yóò gbé pamọ́ fún un. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Ràímì pé kó wá bá òun tẹ ilẹ̀.

Bí orí Ràímì ṣe dára tó ni wọ́n ní ti Mùtíù burú tó. Mùtíù ni ẹ̀gbọ́n Mọ̀dínátù, ìyàwó Ràímì. Òun ló mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó tọ́ ọ títí tó fi relé ọkọ, ọ̀dọ̀ tọkọtaya náà ló sì ti ń gbé tipẹ́. Nígbà tó ṣì lágbára, ó fi òòlù kan òpó ilé kan ní Ìgándò, ó gbé etí lé e, ó ní ilé náà á wó. Èèwọ̀ àwọn bíríkìlà ni. A kì í dúró ní sáìtì ká fi ẹnu pe wíwó. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà, wọ́n lé e. Ọjọ́ kẹta, ilé wó, gbogbo wọn sì gbà pé ẹnu rẹ̀ ló wó o. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé lẹ́nu Mùtíù mọ́.

Ti Ìdímù bá a níbẹ̀ ní tirẹ̀. Àwọn tó yè sọ pé ó dúró sídìí àtẹ̀gùn, ó ń pe àwọn ará òkè pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá jẹun, nígbà tí olóúnjẹ ò tíì dé rárá. Àtẹ̀gùn náà ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, kò sì nà mọ́ dòní.

Ní ọdún yìí, Injiníà Kọ́lápọ̀ gba ilé alájà mẹ́rin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì fi Ràímì ṣe olórí àwọn bíríkìlà. Ràímì ò ṣe olórí rí láyé rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Mùtíù gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀. Wọ́n bá a nísàlẹ̀ ilé, òun àti òòlù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Àwọn òṣìṣẹ́ fariga. Injiníà pe Ràímì sẹ́yìn, ó ní tí ọkùnrin yẹn bá tún sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kó má wulẹ̀ wá síṣẹ́ mọ́.

Ràímì ò lè kojú àna rẹ̀ sọ ọ́. Mọ̀dínátù ló kù tí yóò sọ ọ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ sùn níbí mọ́.”

Kò jọ pé ó ya Mùtíù lẹ́nu. Ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kankéré àjà kẹta.

“Ọ̀la ni, sà.”

“Ẹ jẹ́ kí n sùn di Ẹtì. Tó bá di Ẹtì, màá lọ fúnra mi.”

“Ọ̀la yẹn gan-an ni wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ wà níbí.”

“Mọ̀dínà, gbọ́ o. Òpó ìsàlẹ̀ yẹn…”

Mọ̀dínátù yára fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín pè é. Ọkọ mi ló ń gun ibẹ̀.”

Mùtíù rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní òun ti gbọ́. Kí wọ́n tó kí ìrun Alásárì, ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó gba Ìkòtún lọ. Ó fi àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bàtà Ràímì máa ń wà. Ó ní tó bá di Ẹtì òun á wá gbé e.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ràímì wá bàtà róbà tó fi ń tẹ kankéré. Ẹsẹ̀ kan wà, èkejì ò sí. Wọ́n gbé àga, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì. Ìlàágùn bo Ràímì, nítorí Injiníà ti ní òun ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọgbọ́n tán, Mọ̀dínátù tú àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàtà náà wà lókè pátápátá.

Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìlara Mùtíù pọ̀ tó báyìí, kó jẹ oúnjẹ ọkọ òun tán, kó tún máa dínà iṣẹ́ rẹ̀. Ràímì ní kó fọwọ́ wọ́nú. Ó wọ bàtà, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, kò sì pẹ́ rárá. Ní aago mẹ́jọ, ó pe Mọ̀dínátù láti òkè ilé náà, ó ń rẹ́rìn-ín: Injiníà ti ní kí òun Ràímì kọ́kọ́ gun àjà kẹta, kí gbogbo èèyàn yòókù tó gùn ún, nítorí ẹsẹ̀ òun dára.

Mọ̀dínátù fi fóònù sílẹ̀, ó wọ́ àpò náà jáde láti lọ dà á sórí ààtàn, ni ìdí rẹ̀ bá já, tí òòlù jábọ́, tí tépù tí Ràímì wá tì láàárọ̀ ọjọ́ Ìdímù tẹ̀ lé e, àti kọ́kọ́rọ́ tó sé gbogbo wọn mọ́lé láàárọ̀ ọjọ́ Àgbàdo.