Ọpọ́n Tí Bàbá Akóredé Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíì. Ìsàlẹ̀ ni ibi tó ń dunni wà.

1.
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Akóredé, iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe ní Rumuigbo, ní Port Harcourt. Ohun kan ṣoṣo tó jogún lọ́wọ́ Teslim bàbá ẹ̀ ni ọpọ́n ayò tí wọ́n fi igi apá gbẹ́. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń gbé e lọ sí Mile 3, sábẹ́ igi máńgòrò kan, níbi tí Bàbá Adébíyìí, ará Ọ̀yọ́ tó ń rán fìlà, á ti fi ayò lù ú bí ẹni lu bàrà.

Èèwọ̀ kan wà lábẹ́ igi yẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ ka ọmọ ayò tó ti pọ̀ nínú ihò.

"Ojú lọ̀ta ayò fi ń kà á," Bàbá á ní, "orí ló fi ń tọ́jú ẹ̀."

2.
Ọdún kòrónà dé, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Akóredé bá tan kọ̀ǹpútà Hassanat ìyàwó ẹ̀. Ó rí géèmù kan níbẹ̀ tó dà bíi tábìlì gidi: ọpọ́n wà lórí ẹ̀, ọmọ ayò wà nínú ọpọ́n, èèyàn á jókòó sí Port Harcourt, á máa bá ará Bùràsíìlì ta ayò. Tó bá gbé ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà sórí ihò, iye ọmọ ayò ibẹ̀ á yọ síta gbangba. Tínú bá bí i, ó lè dojú tábìlì dé, kí gbogbo ẹ̀ fọ́n ká. Tó bá tẹ bọ́tìnnì kan, kálukú á padà sáyè ẹ̀.

Ó na ará Gánà. Ó na ará Bùràsíìlì. Ó sọ ara ẹ̀ ní Ọ̀ta Àgbáyé.

"Hassanat, wá wò ó! Mo tún ti sọ òyìnbó kan di òpè!"

"Bàbá Bilkis, kọ̀ǹpútà ló ń bá yín kà á o."

"Kí lo mọ̀ nínú ayò?"

3.
Nígbà tí ìlú ṣí, Akóredé gbé ọpọ́n há abíyá, ó ń yan bọ̀ ní Mile 3.

"Bàbá, ẹ ṣì wà lábẹ́ igi yìí? Ayé ti fi yín sílẹ̀ o! Ẹ jẹ́ ká ta á. Tẹ́ ẹ bá sọ mí di òpè, màá fi ọpọ́n mi sílẹ̀ fún yín."

Bàbá wo ọpọ́n, ó wo Akóredé. "Ọpọ́n Teslim? Ọmọ, rò ó o."

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Tamunotonye tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. "Oga Tiler, mouth no dey play ayò o!"

4.
Ayò kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, ihò kan kún. Akóredé tẹjú mọ́ ọn. Nọ́ńbà kankan ò yọ. Láìmọ̀, ó na ìka sókè ihò náà, ó ń dúró.

"Òpè!" ni Bàbá wí. "Ṣó o rò pé ó máa pe iye ara ẹ̀ fún ẹ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Akóredé fi bóyá ta á, ọmọ ayò kan ló kù kó débi tó fẹ́ dé. Bàbá jẹ ihò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ayò bá tán.

"Ẹ jẹ́ n dá a padà, àṣìṣe ni!"

"Ayò wo ló ń padà sẹ́yìn?"

Ojú Akóredé ṣú. Ó di ọpọ́n mú, ó dojú ẹ̀ dé, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Ọpọ́n fò, ó lu etí gọ́tà, gbàà! Ó là sí méjì.

Akóredé dúró, ìka ẹ̀ nà síwájú bí ẹni ń wá bọ́tìnnì.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ọmọ ayò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èmi àti bàbá ẹ la jọ gé igi apá tá a fi gbẹ́ ọpọ́n yìí. Ká ní mo gbà á lọ́wọ́ ẹ ni, ọ̀la ni ǹ bá gbé e padà wá bá ẹ nílé. Ní báyìí, kí ni kí n gbé wá?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ máa ta géèmù yín, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ta á. Àmọ́ ẹ má gbé ìgbéraga orí kọ̀ǹpútà wá síwájú àgbà, ẹ má sì fi ogún bàbá yín fọ́nnu. Bọ́tìnnì tó ń dá nǹkan padà ò sí lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn tó bí wa ti wí i tipẹ́: ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.